Ààrẹ Rasaq àti Ọkọ̀ Tí Wọ́n Bí Láìní Rédíò

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ó má baà máa run mí nínú: bí ẹ bá ń wá ẹni tí ìgbéraga fi ṣe ilé ní gbogbo Prince George's County nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láti Adelphi títí dé Camp Springs, ẹ má wulẹ̀ wá jìnnà. Alhaji Rasaq Ọláńrewájú ni. Ilé ni ó ń bá àwọn ènìyàn tà, iṣẹ́ gidi sì ni, n kò bá a jà sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í jẹ Ààrẹ Ẹgbẹ́ Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́ ni kò ti lè kí ènìyàn "ẹ káàárọ̀" mọ́ láìkọ́kọ́ wúkọ́, kí ó wo ọ̀tún, kí ó wo òsì, bóyá àwọn tó yẹ kó gbọ́ ti pé.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé irú ẹgbẹ́ wo nìyẹn. Ẹ farabalẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá kan ni wọ́n, tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ Amẹ́ríkà ayé ọjọ́un: àwọn onílẹ̀kùn méjì tí imú wọn gùn, tí ẹ́ńjìnì wọn ń bú ramúramù, tí wọ́n ń mu epo bí aláàwẹ̀ ṣe ń mu omi ìṣínu. Nọ́ọ̀sì ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n á ti ẹnu iṣẹ́ dé, wọn kò ní sùn, wọ́n á gbé àga lọ sí pápá, wọ́n á sì máa jiyàn lórí bóòtù kan ṣoṣo lára ọkọ̀ títí oúnjẹ á fi tutù.

Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí kò ju ọ̀kan lọ: ṣé ojúlówó ni? Láyé tí wọ́n ń ṣe àwọn ọkọ̀ yìí, ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ló ń sọ fún kọ́ńpìnì bí ó ṣe fẹ́ ẹ. Ẹ́ńjìnì báyìí ni kí ẹ fi sí i, síìtì báyìí, wíìlì báyìí. Ohun tí ènìyàn díẹ̀ péré yàn nígbà náà ló di ohun tí gbogbo ayé ń wá kiri lónìí. Ọkọ̀ tí gbogbo ohun ara rẹ̀ bá ti ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnì wá, ọmọ bíbí inú ni ẹgbẹ́ ń pè é. Èyí tí wọ́n bá lẹ nǹkan mọ́ lára lẹ́yìn náà, ọmọ àlè ni. Àgbàlagbà á dúró níwájú yín, á máa wádìí wíìlì ọkọ̀ bí ẹni tó ń wádìí ìdílé tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́.

Ààrẹ Rasaq ní ọkọ̀ Plymouth kan. Ó pupa, ó ní ìlà funfun méjì láti imú dé ìdí, ó ní ìyẹ́ lẹ́yìn, ó ní imú mìíràn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní síìtì aláwọ tó ń dán, ó sì ní rédíò tí wọ́n ń gbọ́ láti òdìkejì títì. Ààrẹ ṣe é lófin pé bí Plymouth bá ti ń wọ pápá, kí gbogbo ọkọ̀ yòókù fun fèrè, kí àwọn tó ni wọ́n sì dìde dúró. Camry àti Sienna tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń gbé lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀yìn igi ni kí wọ́n lọ gbé wọn sí, kí Plymouth má baà rí wọn. Bí òjò bá ń rọ̀, orí ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣí agbòjò sí. Ààrẹ fúnra rẹ̀ á dúró nínú òjò, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, omi á sì máa kán tótó létí fìlà rẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni Taofeek, ọkùnrin kúkúrú kan tí Ọlọ́run fún ní ẹnu, tí kò fún un ní bíréèkì. Bí Ààrẹ bá sín, Taofeek á ní, "Ààrẹ, sísín yín nìkan ju ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ." Bí Ààrẹ bá ní ilẹ̀ ti ṣú, tí oòrùn sì wà lágbedeméjì ọ̀run, Taofeek á ní, "Mo ti ń rò ó pé kí ló ń tan ìmọ́lẹ̀ síbí yìí, àṣé Ààrẹ ni." Ààrẹ á ní kó dákẹ́, á sì sún mọ́ ọn kí ó lè gbọ́ èyí tó kù.

Wàyí o, ẹnì kan ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, kì í sì í ṣe Rasaq. Adékọ́lá ni, nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Adelphi pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Morọ́láyọ̀, tí òun náà ń ṣe nọ́ọ̀sì, àti Oyinkán ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì. Chevelle aláwọ̀ ewé ni Adékọ́lá ní. Ọwọ́ bàbá arúgbó kan ní Camp Springs ni ó ti rà á, ọkọ̀ náà kò sì ní rédíò. Níbi tó yẹ kí rédíò wà, irin pẹlẹbẹ kékeré kan ló bo ibẹ̀. Bàbá arúgbó náà sọ fún un pé òun ni òun ní kí kọ́ńpìnì má wulẹ̀ fi rédíò sí i, nítorí pé ohùn ẹ́ńjìnì ni òun fẹ́ máa gbọ́. Adékọ́lá fẹ́ràn ìtàn náà débi pé kò sí ẹni tí kì í sọ ọ́ fún.

Nígbà òtútù tó kọjá ni Adékọ́lá kú. Àìsàn náà kò pẹ́ lára rẹ̀ rárá. Nítorí pé òun ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Chevelle rẹ̀ ló máa ń ṣíwájú nígbà tí ọkọ̀ ẹgbẹ́ bá tò lọ síbi àfihàn ọkọ̀ ní Upper Marlboro lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ sì ti fẹnu kò lẹ́yìn ìsìnkú pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ.

Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹni tí òjò ń pa nítorí kí ọkọ̀ rẹ̀ má baà tutù, ṣé òun ni yóò gbà kí Chevelle tí kò ní rédíò máa fẹ́ èéfín sí i nímú?

Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, ẹgbẹ́ pàdé ní gbọ̀ngàn kan ní Adelphi. Ààrẹ dìde, ó wúkọ́, ó gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ojúlówó ọmọ ẹgbẹ́ ojúlówó," ó ní, "lórúkọ gbogbo táyà tó ń yí àti gbogbo táyà tó ti jò, mo kí yín. Ìwádìí ti wáyé. Èmi fúnra mi gba ojú fèrèsé wo inú Chevelle nì, ojú mi sì rí ohun tí kò yẹ kí ojú Ààrẹ rí. Àyè rédíò wà. Rédíò kò sí."

"Kò sí o," Taofeek gbè é.

"Ta ló rí i rí, pé kí kọ́ńpìnì gidi ṣe ọkọ̀ gidi kó má fi rédíò sí i? Ṣé wọ́n á bí ọmọ kí wọ́n gbàgbé etí ni? Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Adékọ́lá tú rédíò, ó tà á, ó fi irin bo ojú ihò, ó wá fi ìtàn arúgbó bo ojú wa. Ọmọ àlè ni ọkọ̀ yẹn. Òpùrọ́ sì ni ẹni tó ni ín, kí Ọlọ́run foríjì í."

Morọ́láyọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dìde.

"Alhaji, ọkọ mi kò purọ́ fún yín rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ."

"Ìyá Oyinkán, ẹ jókòó," Ààrẹ ní. "Ọ̀fọ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀."

Oyinkán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí síhìn-ín ni, ó gbọ́ Yorùbá ju bí ó ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ó fẹnu sún mọ́ ìyá rẹ̀ létí.

"Mummy, Daddy ni ó ń pè ní òpùrọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Morọ́láyọ̀ wọ egungun. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ló máa ṣíwájú ló ká a lára. Wọn ì bá kó iwájú, kí wọ́n kó ẹ̀yìn mọ́ ọn. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ láyé yìí: kí ẹnu tó pe ọkọ òun ní òpùrọ́ lójú ọmọ òun, kí ẹnu náà sọ pé kì í ṣe òpùrọ́.

Ààrẹ rí i pé àwọn ènìyàn ń kùn. Ẹlòmíràn á bẹ̀bẹ̀, á jókòó. Ààrẹ fi òfin lé e.

"Ní ọjọ́ Upper Marlboro," ó ní, "a ó yẹ gbogbo ọkọ̀ wò níkọ̀ọ̀kan. Ohunkóhun tí kọ́ńpìnì kò bí mọ́ ọkọ̀, kí a tú u lójú gbogbo ayé. Ẹni tó bá ní ọmọ àlè ti kúrò nínú ẹgbẹ́, ìbáà jẹ́ alààyè, ìbáà jẹ́ òkú, ìbáà jẹ́ Ààrẹ pàápàá. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lórí tèmi."

Ẹ dákun, ẹ padà ka gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Kò sí ẹni tó yọ ìbọn sí i. Kò sí ẹni tó bi í. Ó kàn ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ náà dùn létí ara òun ni.

Nígbà tó délé, ó dúró níwájú jígí, ó ń fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà dánra wò. Mọ̀ríámọ̀ ìyàwó rẹ̀ bá a níbẹ̀. Obìnrin yìí náà ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, ó ti ń gbọ́ ìráhùn aláìsàn láti òwúrọ̀, kò ní agbára ìráhùn mìíràn.

"Alhaji," ó ní, "ṣé kì í ṣe ọkọ̀ tí ẹ ń ra nǹkan sí lára láti ìgbà tí ẹ ti gbé e wálé náà nìyẹn?"

"Mo ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Ẹni tó bá ra gèlè fún ìyàwó rẹ̀, ṣé ó ti sọ ọ́ di ìyàwó ẹlòmíràn ni?"

"Rárá o. Àmọ́ kò ní máa sọ kiri pé wọ́n bí i mọ́ gèlè."

Ààrẹ ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò kan ẹni tó ń fún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Mọ̀ríámọ̀ ní ó dáa, ó lọ sùn.

Ọjọ́ Upper Marlboro pé. Plymouth ló ṣíwájú. Chevelle, tí Oyinkán ń wà, ni wọ́n tì sẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn ọkọ̀ tó gbé yìnyín àti ohun mímu. Èrò pọ̀ ní pápá náà, òyìnbó, aláwọ̀ dúdú, àwọn tó mú ọmọ wá, àwọn tó mú ajá wá. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ayẹkọ̀wò jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí nọ́ọ̀sì ń wọ̀. Wọ́n dé iwájú Plymouth, wọ́n kí i. Mi ò purọ́ mọ́ wọn: ọkọ̀ ni wọ́n kí. Èrò ọkàn wọn ni pé kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n ní ọmọ bíbí inú ni, kí wọ́n kọjá sọ́dọ̀ Chevelle tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣòfin.

Ì bá rí bẹ́ẹ̀, ká ní Taofeek lè dákẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń yin olóore nílẹ̀ wa: a ó sọ ibi tó ti bá nǹkan, a ó sọ ibi tó gbé e dé. Bí ibi tó ti bá a bá ṣe burú tó ni iyì rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Taofeek gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ ò mọ ibi tí Ààrẹ ti bá ọkọ̀ yìí. Mo wà níbẹ̀. Ìhòhò ló wà. Kò ní ìlà, kò ní ìyẹ́, síìtì rẹ̀ dà bí bẹ́ńṣì iléèwé. Rédíò, kò ní. Irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi bo ibẹ̀. Àánú ṣe Ààrẹ. Ó ní òun kò lè máa gun ọkọ̀ tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́. Ó yọ irin yẹn jù sílẹ̀, ó ra rédíò. Ẹ́ríàlì kò ríbi dúró, Ààrẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ihò sí mọ́gáàdì. Ta ló tún lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú yín?"

Àtẹ́wọ́ dún. Ààrẹ tẹrí ba, ó di ojú rẹ̀, ó ń gba ìyìn náà sára. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwọn kò tíì mọ̀.

Morọ́láyọ̀ bọ́ síwájú. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Taofeek, mi ò gbọ́ ibì kan dáadáa. Irin pẹlẹbẹ tí ẹ sọ yẹn, ta ló fi í síbẹ̀?"

"Kọ́ńpìnì ni, Ìyá Oyinkán. Ọwọ́ ẹni tó gbà á lọ́dọ̀ kọ́ńpìnì gan-an ni Ààrẹ ti rà á. Ọkùnrin náà kò fọwọ́ kan nǹkan kan lára rẹ̀."

"Kọ́ńpìnì wá ṣe ọkọ̀ tí kò ní rédíò?"

"Wọ́n ń ṣe é, ẹni tí kò bá fẹ́ rédíò kò ní gbà á. Ààrẹ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, tẹ̀rín-tẹ̀rín."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹlòmíràn bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ṣé Chevelle Adékọ́lá kọ́ ló ní irú irin bẹ́ẹ̀. Ojú Ààrẹ là. Morọ́láyọ̀ rìn lọ síbi mọ́gáàdì, ó fi ìka kan etí ihò ẹ́ríàlì náà. Ó rí págunpàgun.

"Ojú abẹ ni mò ń wò lẹ́nu iṣẹ́ mi," ó sọ fún àwọn ìgbìmọ̀. "Ìdodo ni wọ́n ń bí mọ́ ènìyàn. Ẹ wá wò ó. Èyí kì í ṣe ìdodo."

Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Èrò bú sẹ́rìn-ín.

Bí Rasaq bá sọ nígbà náà pé, "Ẹ má bínú, mo ṣì í," ìtàn mi ì bá ti parí, gbogbo wa ì bá sì ti lọ jẹun. Ṣùgbọ́n Ààrẹ ni. Ó wúkọ́.

"Òfin ni òfin," ó ní. "Kí ni rédíò já mọ́ lára irú ọkọ̀ báyìí? Ẹ tú u."

Wọ́n tú rédíò, wọ́n yọ ẹ́ríàlì, wọ́n tò wọ́n sórí koríko. Ààrẹ rò pé ó ti tán. Taofeek wo ojú ọ̀gá rẹ̀, ó rí i pé kò dùn, àánú ṣe é, ó sì gbìyànjú láti tù ú nínú. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ má fòyà, Ààrẹ. Síìtì tí ẹ lọ rà ní Pennsylvania ṣì wà níbẹ̀."

Orí gbogbo ìgbìmọ̀ yí sọ́dọ̀ síìtì.

"Ẹ tú u," Ààrẹ ní.

"Kò ṣe nǹkan, Ààrẹ. Bọ́nẹ́ẹ̀tì onímú tí ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ohio, ta ló ní irú ẹ̀?"

"Ẹ tú u."

"Sítíárì tí ẹ pààrọ̀ nítorí pé ti tẹ́lẹ̀ kò bá òrùka yín mu ńkọ́?"

"Taofeek," Ààrẹ ní, ohùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, "jọ̀wọ́, fi ẹnu yẹn mu omi."

Ṣùgbọ́n Taofeek ti wọ inú ìyìn rẹ̀, kò sì gbọ́ ohùn ẹlòmíràn mọ́. Ó yin wíìlì, wọ́n yọ wíìlì, wọ́n fi igi ti ọkọ̀ nídìí. Ó yin ìyẹ́, wọ́n yọ ìyẹ́. Ìlà funfun kò tilẹ̀ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ó ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wo ojú Ààrẹ ni ó ń ní kí wọ́n tú u, nítorí pé ẹni tó bá ní kí wọ́n dúró ti gbà pé òfin òun kò dára. Àwọn òyìnbó tó wá wòran rò pé bí àwọn ọmọ Yorùbá ṣe ń ṣe ayẹyẹ nìyẹn. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún bóòtù kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ohun tó kù lórí igi dà bí adìyẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀ tán. Taofeek wò ó láti iwájú, ó wò ó láti ẹ̀yìn, ó sì rí ohun tó lè sọ.

"Ààrẹ, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Ẹni tó dàgbà jù nínú ìgbìmọ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńláńlá, ó dun òun, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí òfin tí Ààrẹ ṣe, Ààrẹ kì í ṣe Ààrẹ mọ́, kò tilẹ̀ sí nínú ẹgbẹ́. Wọ́n wá lọ yẹ Chevelle wò. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí irin pẹlẹbẹ náà, wọ́n rí bí ó ṣe bá ojú dáṣíbọ́ọ̀dù mu, wọ́n rí mọ́gáàdì tí kò ní ojú abẹ. Wọn kò tú nǹkan kan. Ọmọ bíbí inú ni.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù rèé. Àwọn tó mọ̀ sọ fún mi pé irú Plymouth tí wọ́n ṣe ní ìhòhò bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an, pé wọn ì bá ti Florida wá wò ó. Ohun tí kò ní gan-an ni iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá wo ló máa ní nǹkan tí kò ní fẹ́ kó pé? Rasaq rí i pé kò pé, ó fi gbogbo ipá rẹ̀ mú un pé, ó sì bà á jẹ́.

Morọ́láyọ̀ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Taofeek, ó gbé e fún Rasaq.

"Alhaji, ẹ sọ ọ́ wàyí. Ẹ ní Adékọ́lá kò purọ́. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn."

Ó gbà á. Ó wúkọ́. Ó sọ̀rọ̀ lórí bí rédíò ṣe dé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ó sọ̀rọ̀ lórí ìfaradà. Ó fi ara rẹ̀ wé àwọn aṣáájú tí wọ́n jìyà nítorí òfin. Nígbà tó dé orí Adékọ́lá, ó ní, "Ní ti olóògbé, ìwádìí ṣì ń lọ lọ́wọ́." Ó ń sọ ọ́ lọ, àwọn ènìyàn ń ká àga wọn, wọ́n ń lọ sílé. Taofeek ló yọ wáyà ẹ̀rọ náà. Ìgbà tí ẹ ó fi wo ọ̀tún, Taofeek ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chevelle.

"Ìyá Oyinkán," ó ń sọ, "irin yín nìkan ju rédíò ẹlòmíràn lọ."

"Taofeek, ẹ máa lọ sílé," Morọ́láyọ̀ ní.

Jesse, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó ń fi ọkọ̀ ńlá gbé ọkọ̀ tó bá bàjẹ́, wá gbé Plymouth. Ó yí i ká. Ó béèrè bóyá gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Wọ́n kó èyí tó wà lórí koríko fún un, wọ́n kó o kún inú Plymouth dé òrùlé. Rasaq fẹ́ bá a lọ, ṣùgbọ́n ajá Jesse ti jókòó sí síìtì kejì, kò sì mọ Ààrẹ. Ó gbó mọ́ ọn títí Rasaq fi sọ̀ kalẹ̀.

Rasaq pe Mọ̀ríámọ̀ lórí fóònù.

"Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, Alhaji," ìyàwó rẹ̀ ní. "Ẹ ní kí Plymouth gbé yín bọ̀."

Pápá ti dá. Àwọn tó ń dìde fún ọkọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ti wakọ̀ kọjá lára rẹ̀, wọ́n ń wo títì bí ẹni pé wọ́n ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Chevelle ló dúró.

"Ẹ wọlé, Alhaji," Morọ́láyọ̀ ní. "A ò lè fi yín sílẹ̀ síbí. Adelphi kan náà là ń lọ."

Onílẹ̀kùn méjì ni ọkọ̀ náà, ẹni tó bá fẹ́ jókòó lẹ́yìn gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba dáadáa. Rasaq tẹ̀ ba. Fìlà rẹ̀ bọ́, ó wá a lábẹ́ síìtì, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n rẹ̀. Oyinkán ń wakọ̀, ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, kò sì sí orin tí ènìyàn lè fi ojú pamọ́ sí.

Ìdákẹ́jẹ́ kò bá Rasaq lára mu. Wọn kò tíì rìn jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Oyinkán, nínú ètò ìjọba ẹgbẹ́ níbi gbogbo láyé, ìgbà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀..."

Oyinkán yà sí ilé epo kan, ó pa ẹ́ńjìnì. Ó yíjú sẹ́yìn. Ọmọ náà kì í sọ Yorùbá níwájú àgbà, ojú máa ń tì í. Lọ́jọ́ yẹn, kò tì í.

"Uncle," ó ní, ó ń ṣa ọ̀rọ̀ náà jọ níkọ̀ọ̀kan, "Yorùbá ni ẹ fi pe Daddy mi ní òpùrọ́. Ẹ bá mi fi Yorùbá tún un ṣe."

Ó ṣí WhatsApp ẹgbẹ́ lórí fóònù rẹ̀, ó fi ìka tẹ ibi tí wọ́n ń gba ohùn sí, ó nà án sí i lẹ́nu.

Rasaq wo Morọ́láyọ̀ bóyá yóò bá a bẹ ọmọ náà. Morọ́láyọ̀ ń wo iwájú. Gbogbo èdè ńláńlá tó ní láyé ló wá lẹ́nu, kò rí ọ̀kan tó wọ inú fóònù náà.

"Adékọ́lá kò purọ́," ó ní. "Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn."

Ó fẹ́ fi nǹkan kún un. Ó ti gbé ìka sókè. Ṣùgbọ́n Oyinkán ti tú ìka rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti lọ sọ́dọ̀ gbogbo wọn.

Morọ́láyọ̀ ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì rí èyíkéyìí nínú méjèèjì ṣe dáadáa.

"Mummy," Oyinkán ní, "ṣé ó ti tó?"

"Ó tó," ìyá rẹ̀ ní. "Máa wà á lọ, bàbá ẹ ò fẹ́ràn kí wọ́n máa fi ọkọ̀ yìí dúró pẹ́."